Bí Èmi àti Màmá Lin Ṣe Bá 'Get' Jà ní Scarborough

Ẹ̀yin ará ilé, mo ti dé, ara mi sì le. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí ní ọ̀rọ̀ òtútù mọ́. Láti ìgbà tí mo ti padà sí Ìbàdàn, kò sí ẹni tó wá kí mi tí kì í kọ́kọ́ bèèrè òtútù, bí ẹni pé òtútù ni mo lọ kí. Òtútù wà níbẹ̀, ó sì mú. Imú mi ti dá ìjọba tirẹ̀ sílẹ̀ kí n tó jáde ní pápákọ̀ òfuurufú, ó ń ṣàn láìgba àṣẹ lọ́wọ́ mi. Ọ̀rọ̀ òtútù parí síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìkíni ni mo fẹ́ bá yín sọ, nítorí òun ló kó mi sí wàhálà ní Toronto, òun náà ló sì kó mi yọ.

Ìlú tí wọn kì í dúró gba ìdáhùn

Ọmọ mi Títí ló ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá lo ìgbà díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ní Scarborough, àdúgbò kan ní Toronto. Nọ́ọ̀sì ni. Káyọ̀dé ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ń kó ẹrù pamọ́ sí. Shift kì í jẹ́ kí àwọn méjèèjì rí ara wọn. Bí ọ̀kan bá ń bọ́ bàtà, èkejì ń wọ tirẹ̀. Ọmọ wọn Dèmí ló kù tí n bá máa bá sọ̀rọ̀, ọmọ ọ̀hún kò sì ní èdè méjì lẹ́nu.

"Dèmí, ṣé o jí dáadáa?"

"Yeah."

"Ta lò ń bá ṣe yeah?"

"Yeah, Grandma."

Mo fi í sílẹ̀. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, àmọ́ bí ẹni pé wọ́n ń gba owó orí lórí rẹ̀, kò jẹ́ sọ ọ́ jáde.

Ní ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀, mo wà nínú lífítì, ọkùnrin òyìnbó kan wọlé, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní, "How are you?" Inú mi dùn. Mo gbé àpò mi kalẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Mo ti sọ ti ọkọ̀ òfuurufú tán, mo ti dé orí orúnkún mi òsì, nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, tí ọkùnrin náà bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo rojọ́ fún Títí, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Mummy, wọn kì í dáhùn ìyẹn o. Ẹ kàn máa ní, 'Good, you?' Ó tán."

"Kí ló wá dé tí wọ́n fi ń bèèrè?"

"Ìkíni ni, Mummy."

Ìkíni wo? Èyí tí ẹni tó kí ọ kò dúró gbọ́ bóyá o wà láàyè? Mo ti rìn díẹ̀ láyé, n kò rí irú rẹ̀ rí.

Síbẹ̀, n kò ní purọ́ mọ́ wọn, èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Èmi ni mo tẹ obìnrin kan lẹ́sẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, òun ló ń sọ pé "Sorry." Ó kù díẹ̀ kí n tún un tẹ̀, kí n lè mọ̀ bóyá yóò tún bẹ̀ mí. Ti oúnjẹ wọn ni kí ẹ má tiẹ̀ dá sí. Káyọ̀dé ra búrẹ́dì kan bọ̀ fún mi, ewé tútù ló kún àárín rẹ̀. Mo bi í bóyá ewúrẹ́ ló ṣẹ́ ẹ kù.

Wọ́n fi mí sí kíláàsì

Nígbà tó yá, ó sú Títí bí mo ṣe ń bá tẹlifíṣọ̀n jà lójoojúmọ́. Ó ní, "Mummy, wọ́n ń kọ́ àwọn àlejò ní English ní basement ṣọ́ọ̀ṣì kan nítòsí ibí. Free ni. Ẹ ò ṣe lọ bá wọn volunteer?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ẹ kúkú mọ̀ mí, ẹ̀yin tí mo kọ́ ọmọ yín. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi jẹun títí irun mi fi funfun. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi á ti dákẹ́ kí ẹsẹ̀ mi tó kan ẹnu ọ̀nà. Mo wé gèlè, mo wọ kóòtù lé e, mo lọ. Ọmọbìnrin òyìnbó kan tó ń jẹ́ Heather, tíṣà wọn, ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Mo gbé Gẹ̀ẹ́sì tí mo fi ń bá àwọn alábẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ sọ̀rọ̀ jáde.

"Good morning. I have come to render assistance."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó fa ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn, ó gbé ohùn sókè bí ẹni tó ń bá adití sọ̀rọ̀. Ó ní mo gbìyànjú gan-an, ó wá bi mí pé ó ti tó ìgbà wo tí mo ti ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kí n tó rí èébú tó bá a mu, ó ti lẹ orúkọ mi mọ́ mi láyà, ó ti fi mí jókòó sáàárín àwọn tó wá kọ́ ẹ̀kọ́. Ará Ṣáínà ni gbogbo wọn. Inú bí mi débi pé gèlè ń gbọ̀n lórí mi.

Mo fẹ́ dìde lọ. Obìnrin tó jókòó tì mí ló dá mi dúró, kò sì fi ọ̀rọ̀ dá mi dúró. Ó ṣí abọ́ kan, ìyẹ̀fun pípò kéékèèké tí wọ́n wé mọ́ ẹran àti ewébẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, ooru ṣì ń jáde lára wọn. Ó tì í síwájú mi. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Mo jẹ ẹyọ kan, mo jẹ èkejì, ìbínú mi sì ń lọ díẹ̀díẹ̀. Mo bi í ní orúkọ rẹ̀, ó ní òun ń jẹ́ Lin. Mo wò ó, ẹgbẹ́ mi ni, bóyá ó tiẹ̀ jù mí lọ, n kò sì lè la Lin mọ́ àgbàlagbà lórí bẹ́ẹ̀. Mo pè é ní Màmá Lin. Ó pàtẹ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín, nítorí màmá nínú èdè tiwọn náà, ìyá ni.

Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ilé ń rán níṣẹ́

Heather kọ "get" sójú pátákó, ó ní ọ̀rọ̀ kékeré tó rọrùn ni. Gbogbo tábìlì mí kanlẹ̀. Bàbá apárí kan tó jókòó lọ́wọ́ ìkángun pa ìwé rẹ̀ dé.

Heather bẹ̀rẹ̀. Bí o bá dìde lórí ibùsùn, get ni. Bí o bá wọ bọ́ọ̀sì, get ni. Bí o bá sọ̀ kalẹ̀, get náà ni. Bí o bá ṣàìsàn, bí ara rẹ bá yá, bí o bá ra mílíìkì, bí o bá délé, bí o bá gbéyàwó, bí ọ̀rọ̀ bá yé ọ, bí o bá di arúgbó. Màmá Lin nawọ́ sókè.

"Teacher. Get sick, get better. Same get?"

"Same get."

"Get on bus, get off bus. Same?"

"Same."

Màmá Lin fi gègé rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sọ nǹkan kan ní èdè wọn, gbogbo tábìlì sì bú sẹ́rìn-ín. Bàbá apárí ló túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ó ní Màmá Lin sọ pé ọ̀rọ̀ yìí ń ṣe bí ìyàwó tuntun nílé ọkọ, ẹni tó bá ti jí ló ń rán an níṣẹ́. Ó ní nínú èdè tàwọn, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Mo ka tiwa náà sórí ìka: dìde, wọ̀, sọ̀ kalẹ̀, dé, rà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ èèyàn ní Gẹ̀ẹ́sì, n kò jókòó ro bí ọ̀rọ̀ kékeré yìí ṣe ń da ara rẹ̀ láàmú tó. Láti ọjọ́ náà ni mo ti fara mọ́ tábìlì wa. Heather gbìyànjú láti gbé mi lọ sọ́dọ̀ àwọn olùkọ́ nígbà tó gbọ́ iṣẹ́ tí mo ṣe nílé. Mo ní kó má ṣèyọnu, oúnjẹ tábìlì wa dára.

Nígbà tí a ń mu tíì, tí bàbá apárí ń túmọ̀ fún wa, Màmá Lin sọ fún mi pé get kan ṣoṣo ni òun ń wá. Ó ní kí wọ́n kó ìyókù lọ. Èyí tí wọ́n fi ń lọ mú ọmọ wálé láti ilé-ẹ̀kọ́ nìkan ni òun fẹ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Michael, àti ìyàwó rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lójúmọmọ, wọ́n sì ti yí shift ìyàwó padà. Ó di dandan kí ẹnì kan máa lọ mú Leo, ọmọ ọmọ rẹ̀, lọ́sàn-án. Tíṣà tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà kì í fa ọmọ lé ẹni tí kò lè sọ ẹni tó wá mú lọ́wọ́. Màmá Lin ti lọ lẹ́ẹ̀kan. Ó dé iwájú tíṣà, ó ní, "I get!" Tíṣà ní, "Sorry?" Ó pariwo pé, "Get! Get!" Gbogbo èèyàn yíjú. Ìtìjú bá a, ó bú sẹ́kún, wọ́n sì pe Michael kúrò níbi iṣẹ́.

Michael ní kò burú, ó ní àwọn yóò gba ẹni tí yóò máa mú ọmọ, kí Màmá máa padà sí Ṣáínà. Ọkọ Màmá Lin ti kú. Ilé tó fi sílẹ̀ lọ́hùn-ún, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ mọ́. Ó ní Leo nìkan ló kù tó ń fi ọwọ́ rẹ̀ sínú ọwọ́ òun. Ó bẹ ọmọ rẹ̀ títí, Michael wá gbà kó tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe, ó ku tíkẹ́ẹ̀tì.

Mo gbé ife tíì mi kalẹ̀. Mo ní, "Màmá Lin, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí lé mi lọ́wọ́."

Nínú ilé ìdáná Títí

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá sílé wa. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mo se mọ́ínmọ́ín. Ewé tí mo rí ní ilé ìtajà àwọn ará Ṣáínà ni mo fi pọ́n ọn. Màmá Lin mú ọ̀kan, ó yí i po, ojú rẹ̀ là. Ó fi ọwọ́ júwe pé àwọn náà ń pọ́n ìrẹsì sínú ewé báyìí. Àwa méjèèjì jókòó, à ń tú ewé, à ń jẹ, Dèmí sì ń wò wá bí ẹni pé a ya wèrè.

Mo kọ́ ọ ní "Ẹ káàsán" fún eré. Ẹ gbọ́ mi o: ẹ̀ẹ̀kan náà ló pè é tó sì gún régé, ohùn gbogbo dúró síbi tó yẹ, bí ọmọ tí wọ́n bí sí Òkè-Àdó. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ kì í ṣe nǹkan tuntun sí i, òun ni wọ́n ń sọ nílé. Mo yíjú sí ọmọ ọmọ mi.

"Dèmí, ṣé o gbọ́ ìyá àgbà yìí?"

"Grandma, she's just showing off."

Nígbà tí a wá dé orí iṣẹ́, mo sọ fún Màmá Lin pé get kọ́ ló ṣẹ̀ ẹ́. Mo ní àìkíni ni. Ta ló ń dé iwájú onílé tí yóò na ọwọ́ sí ọmọ láì kọ́kọ́ kí i? Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò wa, ajọ́mọgbé ni wọ́n á pè é. Nítorí náà, mo to ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu: "Good afternoon, ma. Well done. Sorry for this cold. How is your mother?" Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò wá ní, "I have come to get my grandson, Leo." Mo ní kó tẹ orúnkún díẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ dáadáa.

Títí wọlé bá wa, ó ṣì wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

"Ah! Mummy, kí lẹ̀ ń kọ́ wọn? Wọn kì í kí èèyàn ní 'well done' níbí o. Tíṣà yẹn á rò pé wọ́n ń máàkì òun ni. And what concerns us with her mother?"

"Inú igi ni tíṣà ọ̀hún ti jáde?"

"Mummy, abeg. Ẹ kọ́ wọn ní sentence yẹn, kí wọ́n sọ ọ́, kí wọ́n mú ọmọ wọn, kí wọ́n máa lọ."

Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, ìkíni tí kò bá tíì kan ìyá kò tíì parí. Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, kò sẹ́ni tó ń bi mí pé "Màmá ńkọ́?" mọ́, torí gbogbo èèyàn ló mọ̀. Ó máa ń dùn mí. Bí àwọn èèyàn bá ń kí ara wọn níwájú mi, tí wọ́n bá ti débẹ̀, mo máa ń wo ibòmíràn. N kò ṣàlàyé ìyẹn fún Títí. Mo kàn ní kí Màmá Lin tún un kí láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀

Mo bá wọn lọ, àmọ́ Michael ní kí n dúró ti òun ní òdìkejì títì, kí ẹnikẹ́ni má ran Màmá Lin lọ́wọ́. Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Ó tọrọ àyè níbi iṣẹ́ wá, ó sì ń wo aago rẹ̀ ṣáá.

Ó bi mí ní Gẹ̀ẹ́sì pé, "Auntie, kí lẹ kọ́ wọn?"

"English," mo ní.

Àwọn òbí tò sẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá dé iwájú yóò dárúkọ ọmọ rẹ̀, tíṣà yóò pè é jáde, wọ́n á lọ. Bí ẹni ń ra búrẹ́dì ni. Tíṣà náà ò tíì dàgbà púpọ̀, ó dé fìlà pupa, kò sì gbójú sókè wo ẹnikẹ́ni. Ó kan Màmá Lin. Ó tẹ orúnkún. Ohùn rẹ̀ sì dé ọ̀dọ̀ wa kedere.

"Good afternoon, ma. Well done."

Tíṣà gbójú sókè.

"Sorry for this cold."

"Oh. Thank you?"

"How is your mother?"

Ẹnu tíṣà là, kò pa dé. "My mother?" ó ní. "She's... she's okay. She's out in Courtice. I should call her, actually."

Ọkùnrin kan tó wà lẹ́yìn Màmá Lin rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn ń retí ohun tó kù. Màmá Lin kò sọ nǹkan kan. Mo wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, mo sì mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: get ti lọ. A ti fi gbogbo ọ̀sẹ̀ kọ́ ìkíni, ohun tó lọ ṣe gan-an ni a fi ṣe ìrù. Títí ti sọ ọ́, n kò gbọ́.

"Auntie," ni Michael wí. Ó mọ síbẹ̀.

Mo ń wá ihò tí n bá kó sí. Mo la ẹnu láti pariwo ọ̀rọ̀ náà sódìkejì títì, Michael di apá kóòtù mi mú, ó mi orí.

Tíṣà bi Màmá Lin jẹ́jẹ́ pé ta ló wá mú. Màmá Lin ń wo ilẹ̀. Ọkùnrin ẹ̀yìn rẹ̀ húkọ́, ó yọ fóònù rẹ̀. Mo ti ń rí ilé tí kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ yẹn lójú mi, mo sì ń bá ara mi wí pé, ìwọ Bísí, o ti fi ẹnu rẹ rán obìnrin olóbìnrin padà sílé.

Ìgbà náà ni Màmá Lin ṣe ohun tí mo ti rí lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó ń ka àkọ́sórí láti ìgbà tí mo ti ń ṣe tíṣà. Ọmọ tó bá gbàgbé láàárín kì í wá a láàárín. Ìbẹ̀rẹ̀ ló ń padà sí. Màmá Lin gbórí sókè, ó tún tẹ orúnkún.

"Good afternoon, ma. Well done. Sorry for this cold. How is your mother?"

Ọkùnrin ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín. Tíṣà kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó gbé ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí abíyá, ó dáhùn gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ bí ẹni pé wọn kò tíì bi í rí: good afternoon, ẹ ṣeun, òtútù mú lóòótọ́, ìyá mi wà dáadáa. Ó wá dúró dè é.

"I have come to get my grandson," ni Màmá Lin wí, ní ẹ̀mí kan ṣoṣo. "Leo."

Leo jáde, báàgì rẹ̀ ṣí sílẹ̀. "Grandma, why did you say it two times?"

Màmá Lin gbá a lọ́wọ́ mú, ó ń fa síìpù kóòtù rẹ̀ sókè, gbogbo get tó ti sá lọ sì ń ya padà sí i lẹ́nu. "Get hat. You get cold. We get home."

Mo wo Michael. Ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀. Ó ní òtútù ló ń mú ojú òun ṣomi.

Mo ní, "Sorry for this cold."

Nílé

Kò sẹ́ni tó dárúkọ tíkẹ́ẹ̀tì mọ́, àfi tèmi tí mo fi padà wálé. Títí ní Màmá Lin ń kí tíṣà yẹn lójoojúmọ́ láì fo ọ̀rọ̀ kan, ìlà àwọn òbí sì ti ń gùn dé ojú títì. Ó ní wọ́n ń kùn. Mo ní kí wọ́n máa kùn.

Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni fóònù mi máa ń dún. Ilẹ̀ ti ṣú lọ́dọ̀ wa nígbà náà, ọ̀sán ṣì ni lọ́dọ̀ tiwọn. Màmá Lin ni, láti ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́. Mo máa ń gbọ́ ariwo àwọn ọmọdé lẹ́yìn ohùn rẹ̀. Ní ìgbà àkọ́kọ́, inú ilé ìdáná ni mo wà, mo ń ṣa ẹ̀wà. Ó ní, "Ẹ káàsán, ma. Well done. Sorry for the hot." Mo ń rẹ́rìn-ín. Ó wá ní, "How is your mother?"

Ọwọ́ mi dúró sínú ẹ̀wà. Èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ náà sí i lẹ́nu, n kò sì rò ó rí pé yóò kàn mí. Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Òun nìkan ló kù láyé tí kò mọ̀.

Mo nu ọwọ́ mi, mo gbé fóònù súnmọ́ ẹnu.

"She is fine, Màmá Lin," mo ní. "She says I should greet you."